Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Yèyé

Ohun àkọ́kọ́ tí Ìlú Ọba kọ́ mi ni pé n kò gbọdọ̀ fi s sí ìdí in. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣáájú mi lọ síbẹ̀ a máa sọ ti òtútù, ti èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹni bí ẹni tó ń mu sìgá, ti ọbẹ̀ tí kò rí ata rí láyé rẹ̀. Gbogbo ìyẹn náà kàn mí. Ṣùgbọ́n yíǹkì pupa tí ọ̀gá wa fi ń kọ nǹkan sí ara iṣẹ́ mi ló dùn mí jù ní oṣù kìíní.

Ilé iṣẹ́ kan ni mo wà ní ìhà àríwá ìlú wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga. Ọ́fíìsì tiwa ló ń kọ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dì mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó àti iye omi tó lè fà ní wákàtí kan. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo kí n tó lọ, mo sì gbà pé mo mọ̀wé kọ. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, wọ́n ní kí n kọ gígùn páìpù kan, íǹṣì mẹ́sàn-án. Mo kọ íǹṣì náà ní kíkún, ọ̀gá fà á já. Mo kọ 9 ins., ó tún fà á já. Mo yọ s kúrò, mo gbàgbé àmì ìdánudúró, ó tún fà á já, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé mẹ́sàn-án nínú kí ni, nítorí pé tí kò bá ti sí àmì yẹn nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe nínú ló dà. Mo jókòó, mo ń wo pupa lórí funfun. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé Àgbà lọ́nà Iléṣà ni mo jẹ́, ẹ ò rí i?

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Édíìtì ló gbà mí. Òun ló ń tẹ ẹ̀rọ tàìpù ní ọ́fíìsì wa, tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, yóò sì ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Ó mú pátákó kékeré kan, ó to gbogbo ìgékúrú orúkọ ìwọ̀n sí i fún mi: in., ft., yd., oz., lb., cwt., gal. Ó ní bí nǹkan náà ìbáà jẹ́ ẹyọ kan tàbí ẹgbẹ̀rún, kò sí s. Ó ní kí n fi àlàfo díẹ̀ sáàárín nọ́mbà àti lẹ́tà, kí n má sì gbàgbé àmì ìdánudúró. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti rí l àti b nínú pọ́n-ùn. Ó ní láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni. Mo ní ṣé àwọn ará Róòmù ṣì ń bọ̀ wá wọn ẹrù yìí ni, kí a lè dúró dè wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan kọ́kọ́ bá mi rẹ́rìn-ín ní orílẹ̀-èdè náà, torí pé àwọn yòókù, èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó máa di oṣù kẹrin, yíǹkì pupa ti gbẹ lórí iṣẹ́ mi. Ọ̀gá á gba ìwé, á yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, á gbé e sọ́dọ̀ Édíìtì láìsọ̀rọ̀. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ni oríyìn níbẹ̀. Àní àwọn òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí mú iṣẹ́ tiwọn wá fún mi kí n bá wọn wò ó kí ọ̀gá tó rí i. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo wá fẹ́ràn kí nǹkan máa kúrú. Ẹ̀rọ kan tó gùn ju ènìyàn lọ, tó wúwo ju àpò kòkó mẹ́ta lọ, èmi á kó gbogbo rẹ̀ sínú ìlà kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyẹn.

Ní Òṣogbo, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà ibùdó dé ìdí tábìlì mi, mo ti kí ogún ènìyàn, wọ́n sì ti kí mi padà: kú iṣẹ́ àná, ilé ńkọ́, ṣé Yèyé ti gbádùn. Ní Ìlú Ọba, wọ́n kàn ń mi orí ni. Obìnrin onílé mi, opó tó máa ń tọ́jú iná ìdáná dáadáa, á gbé tíì síwájú yàrá mi, á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí kò sí iṣẹ́, mo lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà mìíràn mo máa ń kí kóòtù mi tó so rọ̀ sára ògiri. N ó ní, ẹ kú ìsinmi o. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ bó ṣe rí. Fóònù dúdú kan wà ní ọ́fíìsì wa tó ń dún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí n bá ń gbọ́ ọ, mo máa ń rò ó pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kí n gbé e kí n pe ilé, ta ni yóò gbé e ní Iléṣà? Ìwé nìkan ló kù fún mi.

Ìwé ọ̀hún ni mo wá ń gé kúrú.

Yèyé, bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ìyá, kò mọ̀wé. Ahunṣọ ni, kíjìpá ló ń hun, ó sì ń ran òwú rẹ̀ fúnra rẹ̀, á gbé e lọ sí Òṣogbo fún àwọn aláró kí wọ́n bá a rẹ ẹ́. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Àbúrò mi kan ṣoṣo, Dèjì, ló bọ́ sí ipò tí mo fi sílẹ̀ ní ibùdó Òṣogbo, òun ló máa ń wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé láti ka lẹ́tà mi fún Yèyé, kó sì kọ èsì rẹ̀. Lẹ́tà mi àkọ́kọ́, ojú ewé kan gbáko ni mo fi kí wọn: mo kí Yèyé, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí arúgbó tó ń jókòó lábẹ́ igi obì, mo béèrè ẹsẹ̀ Yèyé ọ̀tún, èyí tí omi aró gbígbóná jó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú síta títí dòní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ní ọ́fíìsì yẹn, ohun tí mo ń kọ ni pé: Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ. Òtútù pọ̀. Ẹ kí gbogbo ilé. Mo rò pé mo ti dàgbà ni.

Dèjì nìkan ni mo máa ń kọ̀wé gígùn sí, nítorí mo fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló ń kọ ìwọ̀n àpò kòkó àti ti obì tó ń bá rélùwéè lọ sí Èkó. Mo to gbogbo òfin Édíìtì sínú lẹ́tà fún un: má fi s sí i, fi àlàfo sáàárín, fi àmì sí ìdí rẹ̀. Mo ní kó máa fi kọ èsì sí mi kí n lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Nínú lẹ́tà rẹ̀ kejì, kò sí àṣìṣe kan. Mo fi hàn Édíìtì, mo ní àbúrò mi nìyí.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó mú mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní Yèyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá oúnjẹ dúró. Ó ní nígbà tí òun ka lẹ́tà mi tó kẹ́yìn tán, Yèyé ní kí òun tún un kà, òun tún un kà, Yèyé wá ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Ó ní ọmọ òun ti kú sí Ìlú Ọba, pé Dèjì àti àwọn àgbà ilé ni wọ́n jọ mọ̀ ọ́n, pé wọ́n wá ẹnì kan tó ń kọ ìwé sí òun láti fi tan òun. Dèjì búra fún un títí, kò gbà.

Ẹ ó ní kí ló mú un ronú bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ohun tó mú un, nítorí èmi gan-an ni mo kọ́ ọ.

Bàbá mi ní àbúrò kan tó ń ṣòwò ní Kúmásì, ní Góòlù Kóòsì. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní Òṣogbo, ìròyìn dé pé ó ti kú. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti bàbá mi, ṣì wà láyé, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Àwọn àgbà ilé pàdé, wọ́n ní àwọn kò ní túfọ̀ rẹ̀ fún un, ọkàn rẹ̀ kò ní gbà á. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn: ikú ẹni tó wà lájò, a kì í já a lu ìyá rẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà lájò, a kì í já ikú ará ilé lù ú níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò dì í mú. Èmi tí mo mọ̀wé ni wọ́n ní kí n máa kọ lẹ́tà bí ẹni pé láti Kúmásì ló ti ń bọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ bí mo ṣe ń tò ó: n ó kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sọ ti òjò, n ó béèrè kòkó, n ó ní ara mi le. Ó mọ́ ju lẹ́tà ẹni tó wà láyé lọ. Ìyá Àgbà á máa dáhùn, á máa ṣe àmín. Yèyé ló ń jókòó tì í nígbà tí mo bá ń kà á, òun nìkan ló máa ń wo ojú mi. Kò wí nǹkan kan sí i rí. Ìyá Àgbà kú láìbéèrè, n kò sì mọ̀ bóyá ó mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ohùn mi yí padà nínú lẹ́tà, Yèyé mọ irú ibi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti máa ń wá.

Dèjì ní Yèyé sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni òun fi lè gbà pé mo wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ kúrò nílé, Yèyé hun kíjìpá kan fún mi. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń wọn aṣọ, láti orí ìgúnpá dé orí ìka àárín, ti ara rẹ̀ ló sì máa ń lò fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n fún tèmi, ó ní aṣọ ọkùnrin ni, apá ọkùnrin ni òun ó fi wọ̀n ọ́n. Ó na òwú aláró lé apá mi, ó gé e níbi tí ìka mi parí sí. Mo rò pé ó ti sọ ọ́ nù lẹ́yìn tó hun aṣọ tán. Kò sọ ọ́ nù. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú igbá òwú rẹ̀. Ó ní bí ọmọ òun bá wà láàyè, kó wọn apá rẹ̀ ránṣẹ́, òun ó fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Dèjì sì fi òwú gígùn kan sínú àpò lẹ́tà náà, òwú tí Yèyé ran, tó ń ṣí aró sí mi lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mú rúlà irin tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, mo wọn apá mi lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá mi lójú, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí ìwé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń ká pọ̀ fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, torí ó yára, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í jẹ́ kí a fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Mo kọ 18¼ in. Mo ní kí Dèjì wọn òwú ọwọ́ Yèyé, yóò rí i pé iye kan náà ni. Mo rò pé mo ti fi ọgbọ́n parí ọ̀rọ̀.

Dèjì kọ èsì Yèyé bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nọ́mbà. Òwú ni mo ní kí wọ́n mú wá. Bí ọmọ mi bá ṣì ní apá, kó fi apá náà wọn òwú fún mi."

Ojú tì mí. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé òwú náà lọ sí ọ́fíìsì, nítorí ọwọ́ kan kò lè na òwú lé apá kejì kó gé e dáadáa. Mo ṣàlàyé fún Édíìtì. N kò rò pé yóò yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ tí kò dé láti ojú ogun. Ó ní wáyà ni wọ́n fi sọ fún òun, ọ̀rọ̀ tí kò tó méjìlá, òun sì ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà, bóyá ọ̀kan máa ṣẹ́kù tí òun kò tíì kà. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè, ó na òwú láti ìgúnpá mi dé orí ìka àárín, ó fi síṣọ́ọ̀sì gé e. Ọ̀gá ń wò wá láti ìdí tábìlì rẹ̀.

Mo fi òwú náà sínú àpò lẹ́tà gidi. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ ojú ewé márùn-ún tẹ̀ lé e. Mo kí gbogbo ènìyàn tí mo lè rántí, títí kan àwọn tí mo ti bá jà. Mo béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.

Èsì tó dé, mo ṣì lè kà á láìwo ìwé. Dèjì ní Yèyé na òwú méjèèjì sórí ẹní, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rí i pé wọ́n dọ́gba, ó sì dìde ó gún iyán fúnra rẹ̀. Ó ní ó jẹun títí ó fi ń bú àwọn ìyàwó ilé pé wọn kò bá òun jẹ ẹ́. Ó wá lọ́ òwú méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n má tún dán irú ẹ̀ wò mọ́, pé ọmọ tí kò bá kí ilé, báwo ni ilé ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ Yèyé, òwú ló ń bá a dé. Bí ó bá fẹ́ fi hàn mí bí ọmọ tuntun kan nínú ilé ṣe ga tó, á gé òwú. Bí igi obì tí mo gbìn bá sanra sí i, á yí òwú po ó, á gé e. Dèjì á fi gbogbo rẹ̀ sínú àpò lẹ́tà, á kọ orúkọ mọ́ ọn. Mo so wọ́n kọ́ sára ògiri yàrá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Obìnrin onílé mi bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní àwọn ará ilé mi ni. Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí eruku bà lé wọn.

Ní àkókò náà mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ń múra ìdánwò tí yóò sọ mí di ẹni tó lè yàwòrán ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹni tó kàn ń kọ ìwé rẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé ló mọ oṣù ìdánwò náà. Yèyé ní wọ́n ń gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe é, mo sì yege. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ mi mọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, mo sì gbé e délé bí ẹrù ọlà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni bàtà. Yèyé kò rí bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu rí. Tó bá bá ẹsẹ̀ òsì mu, á há ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó wú yẹn. Sálúbàtà àlòkù kan ló fi ń lọ sí ìkórè lọ́dọọdún, ó sì ti gé okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Mo ti rí ọkùnrin kan ní ìlú náà tó ń fi ọwọ́ rán bàtà, ó ní bí mo bá lè mú ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjèèjì wá, gígùn àti fífẹ̀, òun ó ṣe é bó ṣe yẹ. Mo kọ̀wé sí Dèjì. Mo ní kí Yèyé fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. N kò sọ pé òwú, nítorí n kò rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́.

Èsì dé lórí ìwé aláwọ̀ búlúù. Mo ṣí i ní ọ́fíìsì ní àsìkò tíì. Wọ́n kí mi kú oríire ìdánwò. Wọ́n ní gbogbo ilé ń yọ̀, wọ́n kí mi lórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dé orí èwe, wọ́n ní òjò rọ̀ dáadáa, wọ́n ní kòkó ọ̀nà Ìpetu so. Wọ́n ní ara Yèyé le, ó dúpẹ́ fún bàtà. Nísàlẹ̀ pátápátá, Dèjì kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ Yèyé jẹ́ 9 in.

Mo nà án sí Édíìtì. Ó wo ìdí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àbúrò mi ti mọ iṣẹ́, kò sí ohun tí ọ̀gá lè fà já níbẹ̀. Àlàfo wà níbi tó yẹ. Kò sí s. Àmì ìdánudúró wà nídìí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé ìwé búlúù ni, pé wọn kì í jẹ́ kí a fi nǹkan sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òwú kò fi bá a wá. Mo mu tíì mi. Mo wá bi ara mi pé ẹsẹ̀ wo ni íǹṣì mẹ́sàn-án yìí, ọ̀tún ni tàbí òsì? Ta ló máa wọn ẹsẹ̀ Yèyé tí kò ní yí òwú po ẹ̀gbẹ́ tó wú yẹn? Ẹni tó wọn sálúbàtà ni. Ẹni tó gbé sálúbàtà òfìfo sórí tábìlì tó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mo padà sí òkè lẹ́tà náà, mo tún un kà, ìkíni, òjò, kòkó, ara le. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ to lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Dèjì ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo máa ń kọ láti Kúmásì ni.

Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nọ́mbà.

Mo gbé orí lé tábìlì lórí àwòrán ẹ̀rọ tí mo ń yà, omi ojú mi sì ba á jẹ́. Édíìtì rò pé bàtà ni, pé ìdùnnú ló pa mí lẹ́kún. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní ìyá mi ti kú. Ó tún gbé lẹ́tà náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Mo lè ti dákẹ́, kí n máa bá wọn ṣe é bí Ìyá Àgbà ti ṣe é. Ó wù mí díẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, Yèyé á ṣì máa kí mi lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n mo ronú kan Dèjì, bó ti ń wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé tí kò sí ẹni tó máa ka lẹ́tà fún, tó ń jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ Yèyé tí Yèyé kò sọ. Èmi ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí, mo mọ bó ṣe ń rí lọ́rùn ẹni. Mo kọ̀wé sí i, ìlà kan ni: "Dèjì, má ṣe é mọ́. Sọ ọjọ́ tó lọ fún mi."

Èsì dé nínú àpò lẹ́tà gidi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ ṣe ìdánwò ni. Ibà ni, kò pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní kí a jẹ́ kí ẹ ṣe ìdánwò tán, nígbà tí ẹ sì yege, wọ́n ní kí a jẹ́ kí ẹ yọ̀ díẹ̀. Èmi kò mọ ọjọ́ tí ǹ bá fi sọ ọ́."

Ó ní nígbà tí wọ́n ń wẹ Yèyé, wọ́n rí òwú ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin fẹ́ fi í sílẹ̀ fún un nítorí wọ́n mọ bó ti fẹ́ràn rẹ̀ tó. Àgbà ilé kọ̀, ó ní ìwọ̀n ẹni tó wà láàyè ni, kò gbọdọ̀ bá a wọlẹ̀. Wọ́n tú u. Ó ní òun tọ́jú rẹ̀ sínú àpò ẹ̀wù òun láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń ba òun láti fi ránṣẹ́, torí òun mọ̀ pé bí òun bá fi ránṣẹ́, mo ti mọ̀ nìyẹn. Ó wà nínú àpò lẹ́tà yẹn. Òun ló wúwo níbẹ̀.

Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì. N kò mọ ìdí, bóyá nítorí pé ibẹ̀ ni a ti gé e. Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo fi orí òwú sí ìgúnpá, Édíìtì sì bá mi nà án. Kò dé orí ìka mi mọ́. Ó dúró nísàlẹ̀ èékánná, ó kù díẹ̀. Mo rò pé wọ́n tún ti tàn mí, pé òwú ẹlòmíràn ni. Ìgbà náà ni mo rí i bí aró rẹ̀ ti ṣí, tó ti funfun níbi kókó, mo sì rántí ohun tí Dèjì kọ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀: ó ní láti ọjọ́ tí Yèyé ti so ó, kò tú u rí, ìbáà ṣe pé ó ń sùn, ìbáà ṣe pé ó ń wẹ̀. Òwú tí a fi ọwọ́ ran ni. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ ló sún un kì.

Édíìtì na ọwọ́ mú rúlà irin, ó fẹ́ bá mi wọ̀n ọ́n, ó bi mí pé mélòó ni kí òun kọ. Mo ní kó má kọ nǹkan kan.